Ohun Tí Mo Rí Lẹ́yìn Ìyá Ọkọ Mi

Fún oṣù márùn-ún gbáko, mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn ìyá ọkọ mi, òun kò mọ̀. Àràárọ̀ ni mò ń rí i. Àràárọ̀ ni mò ń fi ọwọ́ ara mi gbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mi ò sọ.

Fumie ni orúkọ mi. Mo ti dàgbà báyìí, mi ò bẹ̀rù ẹ̀sín mọ́. Bí ìyàwó ilé kan bá wà lára ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, tó ń gbé ọ̀rọ̀ mì nítorí kí ilé má bàa dàrú, kí ó fara balẹ̀ ka èyí.

Iṣẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń ṣe nílé ọkọ mi, ní àfonífojì Nokami, lẹ́bàá Wakayama. Ọ̀pẹ orí òkè wa kì í so ẹyìn tí ènìyàn lè fún epo. Fọ́nrán tó wé mọ́ ara rẹ̀ la fi ń jẹun. A ó bó o, a ó sè é, a ó yà á, a ó wá há a sáàárín wáyà méjì, a ó lọ́ ọ pọ̀. Èyí tó le, ti ìkòkò ni. Èyí tó rọ̀, ti ara ènìyàn ni.

Ìyá Kinuyo, ìyá ọkọ mi, ni pátákó ìpolówó ilé náà. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Láti ọjọ́ tí ìrì dídì bá ti kọ́kọ́ funfun lórí koríko títí di ìgbà tí òdòdó ṣẹ́rì bá là, wọ́n á jókòó láàárọ̀ lórí pákó iwájú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á sọ aṣọ kalẹ̀ dé ìbàdí, wọ́n á di apá kan rẹ̀ mú mọ́ àyà, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sójú ọ̀nà. Kò sí omi, kò sí ọṣẹ. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n á máa gbo ó bọ̀ lókè síhà ọkàn. Ẹsẹ̀, apá, ikùn. Ẹ̀yìn nìkan ni ọwọ́ wọn kò tó, iṣẹ́ ìyàwó ilé sì nìyẹn.

“Odi ni awọ ara,” báyìí ni wọ́n máa ń sọ fún àwọn tó ń lọ wọ bọ́ọ̀sì. “Odi tí wọn ò bá tún ṣe láàárọ̀, àìsàn á fò ó wọlé lálẹ́.”

Àwọn ènìyàn gbà wọ́n gbọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ kí Ìyá Kinuyo wúkọ́ rí.

Bí mo bá ti gbo ẹ̀yìn náà tán, wọ́n á bi mí pé, “Ìyàwó, ṣé ó ti pọ́n?”

Èmi náà á dáhùn pé, “Ó ti pọ́n, Ìyá.”

Ohun tí wọ́n ń fẹ́ gbọ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí awọ pọ́n, kí ẹ̀jẹ̀ yọ sókè, ìlera nìyẹn lójú wa. Wọ́n á fa aṣọ wọn sókè, wọ́n á sì lọ mu ọbẹ̀.

Òfin kan tún wà nínú ilé. Ní gbogbo oṣù tí a bá ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ara, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ àìsàn. Ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, mo sín lẹ́ẹ̀mejì nídìí oúnjẹ, mo ní, “Ó dà bíi pé òtútù ti mú mi.”

Ìyá gbé igbá oúnjẹ wọn sílẹ̀. “Ta ló pè é?”

“Ẹ má bínú, Ìyá.”

“O ti ṣílẹ̀kùn fún un. Jáde lọ tì í.”

Mo dúró níta nínú afẹ́fẹ́ títí wọ́n fi ní kí n wọlé. Ojú ilẹ̀ ni Yasuji ọkọ mi ń wò. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ mì láìjẹ́ kí ọ̀fun mì.

Síbẹ̀, ẹ má rò pé mo kórìíra wọn. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi ní wáyà lílọ́, tí wọ́n ń fi ẹnu ara wọn fẹ́ atẹ́gùn sí ìka mi bó bá gé mi. Mo bẹ̀rù wọn, mo sì fẹ́ràn wọn. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí máa dùn mí títí di òní.

Oṣù kẹwàá ọdún 1966 ni mo kọ́kọ́ rí i. Ó wà lábẹ́ eegun èjìká òsì, dúdú, kò ju ẹyọ ẹ̀wà pupa wẹ́wẹ́ kan lọ. Mo ṣe bí ẹni fẹ́ fi èékánná gbọ́n ọn kúrò. Kò kúrò. Nínú ara ló wà.

“Ìyá, ó dà bíi pé…”

“Kí ló dà bí kí ni?”

Mo wo ọ̀nà. Àwọn obìnrin mẹ́ta ló dúró tí wọ́n ń wò wá. Mo wo ṣọ́ọ̀bù. Búrọ́ọ̀ṣì ọdún tó kọjá ṣì kún àtẹ, nítorí kànrìnkàn ọ̀rá ti dé ọjà, aláwọ̀ pupa, aláwọ̀ ewé, àwọn ọmọge sì ti ń sọ pé ti ọ̀pẹ a máa họ ìkòkò. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Yasuji sọ fún mi pé bí nǹkan bá ń lọ báyìí, òun á lọ bá wọn ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin létí òkun, òun á máa wálé lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

“Irun kan ni, Ìyá. Mo ti mú un kúrò.”

“Ṣé ó ti pọ́n?”

“Ó ti pọ́n.”

Mo sọ fún ara mi pé irọ́ kọ́ ni mo pa. Ẹ̀yìn náà pọ́n lóòótọ́. Ibi kan ṣoṣo ni kò pọ́n.

Nígbà tí ọdún ń lọ sópin, ó ti tó èékánná àtàǹpàkò. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò gún, ó dà bí ẹni da yíǹkì sórí bébà tó tutù. Mo ti kọ́ bí mo ṣe lè yí búrọ́ọ̀ṣì ká a. Mo máa ń gba òkè rẹ̀ lọ, mo máa ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ bọ̀, ẹni tó bá dúró lọ́nà kò ní mọ̀ pé ibì kan wà tí n kò kàn.

Lọ́jọ́ tí à ń gún ìrẹsì ọdún tuntun, mo pinnu pé màá sọ fún Yasuji. Òun ló di ọmọrí odó mú, èmi ni mò ń yí ìrẹsì inú odó. Ìyá wà nínú ilé, wọ́n ń to ọsàn sórí pẹpẹ.

“Ẹ gbọ́ ná,” ni mo wí. “Ẹ̀yìn Ìyá…”

“Ṣé o ti gbọ́ ni?” Ojú rẹ̀ tàn. N kò tíì rí i bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. “Mo fẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹun ná kí n tó sọ fún yín. Ọ̀gá Urabe, oníṣòwò tó ń ra búrọ́ọ̀ṣì wa, kọ lẹ́tà láti Osaka.”

“Wọ́n ní kí ni?”

“Wọ́n ń bọ̀ lóṣù kẹta, àwọn àti ayàwòrán. Wọ́n fẹ́ ya ẹ̀yìn Ìyá ní fọ́tò sára páálí búrọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní káàkiri ilẹ̀ Japan ni wọ́n á tà á dé! Fumie, gbogbo obìnrin tó ń yà fọ́nrán fún wa ló máa ríṣẹ́ ṣe. Mi ò ní lọ síbi iṣẹ́ irin kankan mọ́.” Ó sọ ọmọrí odó sókè bí ọmọdé. “Ẹ̀yìn Ìyá ńkọ́? Kí lo fẹ́ sọ?”

Ìrẹsì náà gbóná lọ́wọ́ mi. Mo yí i padà.

“Mo ní ó ń dán gan-an lọ́dún yìí.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Dákẹ́, kí wọ́n má lọ gbọ́. Wọ́n á fi gùn wá lórí.”

Ọjọ́ yẹn ni mo bá ara mi dá àdéhùn. Lẹ́yìn fọ́tò. Kí wọ́n ya fọ́tò tán, màá sọ. Oṣù méjì àti díẹ̀ ló kù. Kí ni oṣù méjì lára obìnrin tí kò wúkọ́ rí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, nítorí òtítọ́ ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Mo mọ̀ pé nǹkan burúkú ni. N kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú mi mọ̀.

Lóṣù kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yún wọn.

“Ìyàwó, gbo ibẹ̀ dáadáa.”

“Ibo, Ìyá?”

“Ibẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ kọ́. Lókè díẹ̀. Apá òsì!”

Mo fi ẹ̀yìn ìka mi kàn án jẹ́jẹ́. Wọ́n mí kanlẹ̀, ara tù wọ́n. “Ìhín gan-an,” ni wọ́n wí. “Ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ara a máa yún ni.”

Nígbà tó yá, mo rí ẹ̀jẹ̀ lára àwọ̀tẹ́lẹ̀ wọn, àbàwọ́n kékeré kan. Mo sáré kó gbogbo aṣọ lọ sídìí kànga kí ẹnikẹ́ni tó jí, mo fi omi dídì fọ̀ ọ́ títí ìka mi fi kú tipiri. Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni mo ń jí fọ aṣọ wọn lójoojúmọ́.

Okimi, aládùúgbò wa tó máa ń bá wa yà fọ́nrán, rí mi nídìí kànga. Ó bá Ìyá ṣàwàdà pé, “Ìyá Yasuji, ìyàwó yín yìí fẹ́ gba ipò lọ́wọ́ yín ni? Àkùkọ gan-an kò tíì kọ, ó ti sá aṣọ!”

Ìyá kì í yin ènìyàn lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, wọ́n ń ya fọ́nrán lọ, wọn ò gbójú sókè, wọ́n ní, “Okimi, ọmọ tí mo bí kò tó èyí. Bí mo bá kú lónìí, mo mọ ẹni tó máa wẹ̀ mí.”

Mo dìde, mo ní mo fẹ́ wo iná. Mo lọ dúró lẹ́yìn ilé ìdáná, mo ti aṣọ bọ ẹnu, mo sunkún. Ó yẹ kí n padà wọlé nígbà náà kí n sọ gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló kù kí ayàwòrán dé. Mo nu ojú, mo gbé ìkòkò omi wọlé, mo ní iná ti fẹ́ kú ni.

Lójú oorun, mo máa ń gbọ́ búrọ́ọ̀ṣì. Ṣáá, ṣáá, ṣáá. Mo máa ń lá àlá pé mò ń gbo ògiri funfun kan, pé ibi dúdú kan wà lára rẹ̀ tó ń sá fún ọwọ́ mi. Màá ta jí. Màá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń hanrun ní yàrá kejì, hanrun ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ọjọ́ fọ́tò pé. Mo ti ro bí màá ṣe ṣe é. Àpótí ìṣaralóge mi ṣì ní àtíkè funfun tí wọ́n fi kun ọrùn àti ẹ̀yìn mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ìyá fúnra wọn ló rà á fún mi, ó ní òórùn òdòdó kan tí n kò gbọ́ lára àtíkè mìíràn rí. Mo fi òróró kàmẹ́líà tí a fi ń pa irun pò ó, mo da yẹ̀ẹ̀pẹ̀ pupa díẹ̀ sí i kó lè jọ awọ, mo bá wọn wọ yàrá.

“Kí lo ń fi pa mí lára?”

“Òróró ni, Ìyá. Kí fọ́tò lè dán.”

“Òróró? Ẹ̀yìn tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbo fún ogójì ọdún ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá òróró kó tó dán?”

“Ayàwòrán ló ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀.”

Irọ́ lórí irọ́. Ẹni tí n kò tíì fojú kàn ni mo ti ń dì í lé lórí.

Ọ̀gá Urabe dé, ọkùnrin roboto tó fẹ́ràn ẹ̀rín. Gbogbo àdúgbò ló jáde. Àwọn obìnrin tó ń yà fọ́nrán wọ aṣọ tó mọ́, Yasuji gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mẹta. Oòrùn yọ díẹ̀, òtútù ṣì mú. Ìyá jókòó lórí pákó, wọ́n sọ aṣọ kalẹ̀. Ẹ̀yìn náà funfun, ó tẹ́jú, ó rẹwà. Ẹnikẹ́ni kò rí nǹkan kan.

Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa á lára wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

“Rárá o, rárá o!” Ọ̀gá Urabe ń mi orí. “Àbúrò, ẹ̀yìn ìyá yín lẹ ń gbo, eṣinṣin kọ́ lẹ ń lé. Kò pọ́n! Ẹ̀yìn tó pọ́n la fẹ́ tà.”

Ìyá dá a lóhùn láìwẹ̀yìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ bá mi sọ fún un. Láti ọjọ́ mélòó kan ló ti ń gbo mí bí ẹni ń gbo ẹyin.”

“Ẹ gbé e wá, kí n fi hàn án.”

“Ọ̀gá, ẹ má ṣèyọnu,” ni mo wí. “Ẹ jẹ́ kí n ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́.”

Ó ti gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́, ó sì fi gbogbo agbára gbo ó láti ìbàdí gòkè, apá òsì, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbà kẹta ni ó dúró.

Àtíkè ti bá fọ́nrán búrọ́ọ̀ṣì lọ. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ yọ síta, dúdú, ó ti tó ojú ife tíì, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn láti àárín rẹ̀ bọ̀ wálẹ̀ lára ẹ̀yìn.

Àtẹ́wọ́ náà kú. Okimi ló kọ́kọ́ ké. “Yéè! Kí nìyẹn?”

“Kí ni o?” Ìyá béèrè. Inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọjú sí, wọn ò rí ojú ẹnikẹ́ni. “Kí lẹ dákẹ́ sí? Ṣé ẹ̀rọ fọ́tò náà bàjẹ́ ni?”

Ọ̀gá Urabe gbé búrọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀.

“Ìyàwó.”

“Ìyá.”

“Kí ló wà lẹ́yìn mi?”

Mo ń wo ẹ̀jẹ̀ náà. Ohun tí mo ń rò, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, ni pé yóò kan aṣọ wọn, n kò sì ní lè fọ̀ ọ́ kúrò mọ́.

“Okimi, lọ mú dígí wá. Méjì.”

Okimi di ọ̀kan mú lẹ́yìn, Ìyá di ọ̀kan mú níwájú. Wọ́n wò ó pẹ́. N kò mọ bí ojú wọn ṣe rí, nítorí n kò lè wò ó. Mo rí i pé wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn, ìka wọn kò dé ibẹ̀, èjìká nìkan ló dé. Wọ́n fi ìka náà nu àtíkè tó wà níbẹ̀, wọ́n gbé e sí imú.

Wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

“Àtíkè ìgbéyàwó,” ni wọ́n wí.

Àwọn ènìyàn kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Èmi àti Ìyá nìkan la mọ̀.

“Láti ìgbà wo?”

“Ìyá, ẹ dárí jì mí…”

“Ìgbà wo ni mo bi ọ́.”

“Oṣù kẹwàá.”

Nǹkan kan ṣubú lẹ́yìn mi. Ìgbálẹ̀ Yasuji ni. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi kò pé oṣù mẹ́fà.

Ìyá fa aṣọ wọn sókè fúnra wọn. Wọ́n dìde, wọ́n tẹrí ba fún Ọ̀gá Urabe, wọ́n ní kí ó má bínú pé ó rin ọ̀nà jíjìn wá lásán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó wọlé. Mo gbọ́ tí Okimi ń sọ fún àwọn tó kù, kò tilẹ̀ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, “Ẹ̀yìnkùlé lọ́tàá wà, inú ilé laṣeni ń gbé.”

Ní ilé ìwòsàn ìlú, dókítà wò ó, ó tẹ abẹ́ apá wọn, ó tẹ ọrùn. Ó ní búrọ́ọ̀ṣì kọ́ ló fà á. Ó ní àrùn jẹjẹrẹ awọ ara ni. Ó wá béèrè ìgbà tí a kọ́kọ́ rí i. Yasuji ló dáhùn, ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìwé. Dókítà náà kọ ọ́ sórí bébà iwájú rẹ̀.

“Bó bá jẹ́ pé nígbà yẹn lẹ gbé wọn wá,” ló wí. Kò parí rẹ̀.

Lójú ọ̀nà àbájáde, mo di apá aṣọ Yasuji mú. “Nítorí yín ni. Nítorí kí ẹ má bàa lọ síbi iṣẹ́ irin. Mo ní kí a ya fọ́tò tán ná.”

Ó yọ apá aṣọ rẹ̀ jẹ́jẹ́. “Fumie, ṣé mo bi ọ́?”

Láti ìgbà náà, kò bú mi ju bẹ́ẹ̀ lọ rí.

Wọ́n gé e, ṣùgbọ́n ó ti rìn dé ibòmíràn nínú ara wọn. Nígbà tí a gbé Ìyá padà wálé, mo rò pé Okimi ni wọ́n máa ní kó máa tọ́jú ẹ̀yìn wọn. Wọ́n ní rárá.

“Ìyàwó ni. Okimi ò lójú.”

Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ pààrọ̀ aṣọ egbò náà, wọ́n ní, “Sọ ohun tí o rí.”

“Ó… ó ti ń san, Ìyá.”

“Gbé ọwọ́ rẹ kúrò lára mi.”

Mo gbé e kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò le, ìyẹn gan-an ló burú.

“Ikú kọ́ ló ń dùn mí, gbogbo wa la ó kú. Ṣùgbọ́n ojú rẹ ni mo fi ń wo ẹ̀yìn mi, Fumie. Mi ò ní òmíràn.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n pe orúkọ mi. “Ó dáa. Sọ ohun tí o rí.”

Mo sọ. Mo ní ibi tí wọ́n gé ti pupa, omi ń yọ níbẹ̀, mo tún rí dúdú wẹ́wẹ́ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní, “Mẹ́ta? Bí kí ni?” Mo ní bí irúgbìn yànmọ̀tí. Wọ́n ní, “O ṣeun,” mo sì ń nù ún.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ní oṣù kẹrin, títí dé oṣù kẹjọ. Àràárọ̀ ni wọ́n ń bi mí, àràárọ̀ ni mò ń ka ikú wọn sí wọn létí. Ó ti di márùn-ún. Ó ti dé ọrùn. Ibi kan ti wú lábẹ́ apá. N kò fi ìkan pamọ́ mọ́, wọn kì í sì í bínú. Nígbà mìíràn wọ́n á ṣàwàdà, wọ́n á ní, “Ọ̀gá Urabe ì bá ya èyí fọ́tò, tí àwọn ọmọdé á fi sá.” Èmi á sunkún, wọ́n á ní kí n má da omi iyọ̀ sí egbò àwọn.

Lójú mi, ìyà gan-an ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé wọ́n ń wá bí wọ́n á ṣe tún gbà mí gbọ́ kí wọ́n tó lọ ni.

Wọ́n kú ní àsìkò tí àwọn kòkòrò igi ń ké kíkankíkan. Èmi ni mo wẹ̀ wọ́n. Okimi ṣe bí ẹni fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, Yasuji ní kó jẹ́ kí n ṣe é, ó ní èmi ni Ìyá sọ pé yóò wẹ àwọn.

Ọ̀gá Urabe kò padà wá. Nígbà tó di ìgbà òtútù, a ti ṣọ́ọ̀bù, Yasuji sì lọ síbi iṣẹ́ irin. Ohun tí mo pa Ìyá tì kó má bàa ṣẹlẹ̀, ó ṣẹlẹ̀ bákan náà.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí èmi àti ọkọ mi ṣe gbé. A gbé dáadáa lójú ayé. A bí ọmọ méjì, a tọ́ wọn, kò gbá mi létí rí, kò fi ọ̀rọ̀ náà bú mi lójú ẹnikẹ́ni. Ó máa ń gbé owó oṣù lé mi lọ́wọ́, ó máa ń ní kí n rọra bí ilẹ̀ bá ń yọ̀.

Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ tí a sin Ìyá, ó wọ ilé ìwẹ̀. Mo ká aṣọ mi sókè, mo tẹ̀lé e bí mo ṣe máa ń ṣe, kí n bá a fọ ẹ̀yìn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Má ṣèyọnu,” ló wí. “Ọwọ́ mi á tó o.”

Ó ti ilẹ̀kùn. Láti alẹ́ ọjọ́ náà, kò bọ́ ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ lójú mi mọ́, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, lórí ibùsùn, nígbà tí ibà dá a wó. Bí mo bá wọlé tó bá ń pààrọ̀ aṣọ, á yí ẹ̀yìn sí ògiri, á máa bá mi sọ̀rọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín títí yóò fi di bọ́tìnnì tán.

Ọdún tó kọjá ló kú, ọkàn ló dá iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Àwọn ọmọ ní kí a pe àwọn tó ń wẹ òkú, mo ní rárá, kí wọ́n gbé omi gbígbóná wá fún mi, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Mo yí i sí ẹ̀gbẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógójì nìyẹn tí n kò rí ẹ̀yìn ọkọ mi. Ó ti tín-ín-rín. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kò sí àpá, kò sí àmì kankan. Mo ń wò ó títí omi fi tutù.